Bí Ọ̀gá Mọ́tótó Ṣe Tọrọ Ìdọ̀tí

Bí irọ́ bá wà nínú ìtàn yìí, kí irùngbọ̀n mi hù sí àtẹ́lẹsẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ọ̀gá Mọ́tótó. Òun ni alábòójútó yàrá tí wọ́n ti ń fi omi ìdọ̀tí ṣe gáàsì. Nínú ìgò ńlá kan, wọ́n ri aṣọ tí a fi èédú hun sínú omi, wọ́n so wáyà iná mọ́ ọn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí lẹ̀ mọ́ aṣọ náà bí ọ̀rá, wọ́n ń jẹ ìdọ̀tí, gáàsì sì ń hó jáde. Àmọ́ àwọn kòkòrò olè kan ń bá wọn gbé, tí ń jẹ gáàsì kó tó jáde.

Nígbà tí gáàsì dínkù, àwọn àgbà ilé-iṣẹ́ ní àwọn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Bí ìgò kò bá hó dáadáa, kí Ọ̀gá Mọ́tótó máa lọ sílé. Àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, tó ń tọ́jú irú ìgò bẹ́ẹ̀ ní òdìkejì ìlú, ránṣẹ́ sí i pé kó máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú ìgò díẹ̀: àwọn olè kò lè fara dà á, àwọn kòkòrò òṣìṣẹ́ tó ń jẹ ìdọ̀tí á fara dà á. Ọ̀gá yínmú. Ó ní òun kì í gba ìmọ̀ràn ọbùn tí ìgò rẹ̀ ń yọ̀ bí imú ọmọdé. Ló bá da omi apakòkòrò sínú ìgò, ó gbá aṣọ èédú mú, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ha á títí ó fi ń dán.

Ìgò mọ́ tónítóní. Kò hó mọ́ rárá.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó mi orí. "Bàbá wọn, ẹ ní ẹ ń lé olè, ẹ sì lé onílé pẹ̀lú rẹ̀."

Ni agbéraga bá gbé abọ́, ó di ọ̀dọ̀ àbúrò ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ gan-an?"

"Díẹ̀ nínú nǹkan yẹn."

"Ó lórúkọ o."

Ọ̀gá gbé abọ́ síwájú. "Ìdọ̀tí rẹ ni mo wá tọrọ."

"Ti ọbùn?"

"Ti ọbùn."

Àbúrò gé díẹ̀ fún un lára aṣọ èédú rẹ̀ tó ń yọ̀. Ọ̀gá gbé abọ́ lé itan nínú ọkọ̀, ó ń kọrin rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún lọ síbi iṣẹ́ bí ọmọ tuntun. Ó da omi apakòkòrò nù, ó ri aṣọ náà sínú omi ìdọ̀tí tuntun. Nígbà tí àwọn àgbà fi máa dé, ìgò ti ń hó, Ọ̀gá sì ń ṣí ìdérí rẹ̀ fún afẹ́fẹ́ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ kò bọ́. Orúkọ ló yí padà. Atọrọ-ìdọ̀tí ni wọ́n ń pè é báyìí.

Orin ìrẹ̀lẹ́kún inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni mo fi kún un; ṣe ló di imú títí tó fi dé. Ṣé ẹni tó di imú lè kọrin?