Aago Kùmásì

Bàbá bàbá mi ṣiṣẹ́ kòkó ní Kùmásì, ní ilẹ̀ Gáná, ó sì mú aago àpò kan bọ̀. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ ló fún un. Nígbà tí aago náà bọ́ sọ́wọ́ bàbá mi, àràárọ̀ ló ń fi kọ́kọ́rọ́ kékeré kan yí irin inú rẹ̀ kó má baà dúró. Kò dúró rí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ aago yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ wákàtí Gáná ló ń sọ, èyí tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ìsinmi, bí a ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn èèyàn ń jáde. Bàbá mi á kí wọn, á ní wọ́n yára jù. Ìyá mi ní gbogbo wa ń gbé orí òkè Ìdáàṣà, ọkọ òun nìkan ló ń gbé Gáná. Mo fi fóònù mi han bàbá mi. Ó ní fóònù ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Àwọn dókítà ojú wá láti Kùtọ́nù sí ìlú Glazoué nítòsí wa fún ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n ní kó dé ní aago méje kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Mo pè é títí láàárọ̀ yẹn, ó ní ó ṣì ku wákàtí kan. Ó dé ní aago méje tirẹ̀. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Lórí alùpùpù tó gbé wa padà, inú ń bí mi. Òun ń bi ọlọ́kadà bí iṣu ṣe rí lọ́jà. Kí àwọn dókítà tó tún wá, ojú náà ti lọ pátápátá.

Látìgbà náà, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá dún lọ́sàn-án gangan, á bi wá ohun tí aago òun sọ. A ó ní mọ́kànlá. Á rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan ìyá mi ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó yí ọwọ́ aago síwájú. Agogo dún, bàbá mi béèrè, ìyá mi ní méjìlá.

Bàbá mi ní, "Ta ló yí i?"

"Èmi ni, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá mi ní, "Bàbá tèmi ló yí ọwọ́ rẹ̀ kẹ́yìn."

Yéè! Mo bínú sí aago yẹn títí, mi ò bi bàbá mi léèrè rí ìdí tí kò fi jẹ́ ká fọwọ́ kàn án.

Ìyá mi na aago àti kọ́kọ́rọ́ sí mi. Mo dá ọwọ́ aago padà sí mọ́kànlá. Bàbá mi gbà á, ó gbé e sétí, ó sì nà án padà sí mi.

Ó ní, "Ìwọ lo yí i kẹ́yìn báyìí."