Ìkòkò Kẹta Lẹ́nu Ọ̀nà Ningsih

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni Ningsih ń ṣe ní ìlú Klaten, aṣọ iléèwé sì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń wọn èjìká ọmọ ọlọ́mọ, tí á máa bá wọn ṣeré, tí ojú rẹ̀ á sì pọ́n bí wọ́n bá ti jáde tán. Àwọn obìnrin àdúgbò ò tilẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Wọ́n á ní kó bá àwọn gbé ọmọ dání díẹ̀, bóyá tiẹ̀ á gbọ́, á sì tọ̀ ọ́ wá. Ẹnu wọn ò sinmi rí.

Nígbà tó yá, òun àti Sugeng ọkọ rẹ̀, tó ń sin ẹja àrọ̀, gba ilé ìwòsàn kan lọ ní ìlú Solo, níbi tí wọ́n ti ń ṣẹ̀dá oyún nínú ìgò kí wọ́n tó gbé e sínú obìnrin. Dókítà ní ọ̀kan péré lòun fẹ́ gbé sí i nínú, torí ara rẹ̀ kéré. Ningsih bẹ̀ ẹ́ títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀, pé kó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nílẹ̀ sínú òun, òun ò lágbára àtipadà wá mọ́. Dókítà gbà. Ta ló fẹ́ dá Ningsih lẹ́bi? Dókítà ló yẹ kó kọ̀, òun ló mọ ohun tó lè tẹ̀yìn ẹ̀ yọ.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró. Ayọ̀ náà ò tọ́jọ́, torí ẹ̀jẹ̀ Ningsih bẹ̀rẹ̀ sí í ru, dókítà sì ní bí àwọn ò bá dá ẹ̀mí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà dúró, àtìyá àtọmọ lè bá a lọ. Sugeng lọ bá ààfáà, ààfáà ní ẹ̀mí ìyá ló ṣáájú. Wọ́n gbà, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún Mbah Parti, ìyá Sugeng, tí wọ́n jọ ń gbé.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti abẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀, tí wọ́n fi dá ẹ̀mí ọ̀kan dúró tán, Ningsih béèrè bí wọ́n ṣe yan èyí tó lọ.

“Èyí tí abẹ́rẹ́ tètè kàn ni, Ìyá,” ni dókítà wí. “Kò sóhun tó ṣe ìkankan nínú wọn.”

Ọ̀rọ̀ yìí jẹ Ningsih lọ́kàn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ká ní ọmọ náà ń ṣàìsàn ni, ìbá rí nǹkan tu ara rẹ̀ nínú. Àṣé torí pé ó sún mọ́ ara ìyá rẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á.

Oṣù ìbí pé, ó bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Nọ́ọ̀sì tó kó ibi ọmọ fún wọn rọra fi nǹkan pẹlẹbẹ kan han Ningsih, tó ti gbẹ bí ewé, tó lẹ̀ mọ́ ibi ọmọ náà. Ó ní ẹ̀kẹta nìyẹn, òun lè bá wọn dà á nù. Ningsih ní kó dì í fún òun. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ báyìí, pé kí wọ́n sin ín lẹ́nu ọ̀nà ilé, níbi tí wọ́n máa ń sin ibi ọmọ sí, kí wọ́n kà á mọ́ ọmọ.

Nílé, Sugeng fọ ibi ọmọ méjèèjì, bó ṣe tọ́ kí bàbá ọmọ ṣe, ó sì kó wọn sí ìkòkò amọ̀ méjì pẹ̀lú iyọ̀ àti òdòdó. Ningsih di ògiri mú jáde wá, ó ní kí wọ́n bá òun wá ìkòkò kan sí i.

“Ti ta ni?” ni Mbah Parti bi í. “Ṣebí ọmọ méjì lo bí.”

“Mẹ́ta ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Sugeng ò lè gbójú sókè. Ningsih dúró de èébú, ó ń retí kí ìyá ọkọ òun sọ pé ohun tí wọ́n fẹ́ dà nù nílé ìwòsàn ò ní wọ ilẹ̀ òun. Mbah Parti ò bú u. Ó wo dìdì kékeré náà títí, ó wọlé lọ, ó da iyọ̀ inú ìkòkò amọ̀ ilé ìdáná rẹ̀ sínú abọ́, ó ṣan ìkòkò náà mọ́. Ó fi aṣọ funfun we ọmọ náà, ó gbé e sínú rẹ̀, ó wá ní kí Sugeng mú ṣọ́bìrì.

“Tọkùnrin, apá ọ̀tún ilẹ̀kùn. Tobìnrin, apá òsì,” ló wí, bó ṣe máa ń sọ ọ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá ń sin ibi ọmọ. “Kí lèyí jẹ́?”

Sugeng wo ìyàwó rẹ̀. Ningsih wo inú ìkòkò náà. Ó ti béèrè bí wọ́n ṣe yàn án, kò rántí béèrè ohun tó jẹ́.

“Mi ò mọ̀, Màmá,” ló wí nígbẹ̀yìn, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Sugeng ń ti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì, ó tún ń padà, ṣọ́bìrì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbẹ́.