Ta Ló Kọ́ Ọ ní Búrẹ́dì Mi?

Bó o bá kí Ìyá Oníbúrẹ́dì, á kọ́kọ́ wò ẹ́ látòkè délẹ̀ ná kó tó dáhùn. Kì í ṣe pé ó burú. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì ni ejò tiẹ̀. Abẹ́ ìyá wọn làwọn méjèèjì ti jọ kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì. Ọdún tí ìyá wọn kú gan-an ni ẹ̀gbọ́n lọ ṣí ilé búrẹ́dì tirẹ̀ sí òdìkejì títì, tó ń ta búrẹ́dì ìyá wọn fún àwọn oníbàárà ìyá wọn.

Láti ìgbà náà ni àbúrò ti pinnu pé kò sẹ́ni tó máa rí bóun ṣe ń po ìyẹ̀fun mọ́. Yàrá kótópó kan wà lẹ́yìn ààrò, tábìlì kan, sítóòfù kékeré kan àti àpò ìyẹ̀fun díẹ̀ ló gbà. Ibẹ̀ ló máa ń tìlẹ̀kùn mọ́rí sí láràárọ̀. Tó bá pò ó tán, á da aṣọ bò ó, á wá pe àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n wá gé e sínú páànù.

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ gbé búrẹ́dì káàkiri, ti bẹ̀ ẹ́ títí.

"Màámi, ẹ ò lè gbé e lọ sọ́run o. Ẹ kọ́ ìyàwó mi."

"Kí n kọ́ ta?"

Ìyàwó yìí gan-an ló ń kọ ọ́ lóminú. Àtìgbà tó ti wọlé ló ti ń béèrè: kí ló ń mú un wú báyìí, kí ló dé tí èèpo búrẹ́dì tiwọn fi ń pọ́n ju ti gbogbo àdúgbò. Ta ló rán an? Lọ́jọ́ kan, Ìyá Oníbúrẹ́dì rí i níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀. Nígbà tó dé, ó ní òun kàn kí wọn ni. Ìkíni kẹ̀! Ọjọ́ náà ni ìyá ọkọ sọ ọ́ ní Elétí-ehoro nínú ikùn ara rẹ̀, tó sì fi àkísà dí ihò kọ́kọ́rọ́.

Ṣùgbọ́n àìsàn kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibà dá a gúnlẹ̀ lójijì, orí ò ṣeé gbé sókè. Ó ti gbà pé kò ní sí búrẹ́dì lọ́jọ́ náà, nítorí kọ́kọ́rọ́ yàrá ń bẹ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Àfi bí òórùn búrẹ́dì ṣe wọlé wá bá a lórí ibùsùn. Kì í sì í ṣe búrẹ́dì lásán, tirẹ̀ ni. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé ọ̀kan wá pẹ̀lú tíì, ó bù ú sẹ́nu. Kò dín, kò lé. Ẹni tó yẹ kó yọ̀, ṣe ló nawọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí: kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níbẹ̀.

"Pe ìyàwó rẹ wá fún mi."

Ìyàwó wọlé, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ, àbí?"

"Rárá o, màámi."

"O yọjú lójú fèrèsé nìyẹn."

"Mi ò yọjú níbì kankan. Ìyẹ̀fun tí mo rà ni mo pò nídìí ààrò mọ́ ti àná tó kù nínú páànù."

"Ta wá ló kọ́ ọ ní búrẹ́dì mi? Má parọ́ fún mi o."

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ ń wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin ni, màámi. Ẹ máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ń pò ó."

"Èmi?"

"Ẹ máa ń sọ ọ́ sókè. 'Ṣúgà yìí ò tíì jó tó, jẹ́ kó pọ́n dáadáa kí n tó da omi sí i. Ìyẹ̀fun àná dà, kí n pò ó mọ́ ọn? Iyọ̀ ti tó, àbí o fẹ́ pa oníbàárà ni?' Gbogbo wa là ń gbọ́ ọ nídìí ààrò. Bàbá tó ń la igi fún wa gan-an mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀rín ń gbọ̀n ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó yára fi ikọ́ bò ó.

Ìyá Oníbúrẹ́dì kọjú sógiri. Ó rántí ìyá tirẹ̀, bó ṣe máa ń bá ìyẹ̀fun wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Ojú tì í. Ṣùgbọ́n ìfura kì í bọ́ lára bí ẹ̀wù.

"Bó o bá ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, kí ló dé tó ò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi?"

"Wọ́n bi mí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rí wa. Mo ní kí wọ́n wá bi yín fúnra wọn. Wọ́n ní ẹ ò ní jẹ́ káwọn dé ẹnu ọ̀nà. Ìyẹn ló pa wá lẹ́rìn-ín."

Òótọ́ ni àbí irọ́? Kò mọ̀, kò sì rí bóun ṣe máa wádìí ẹ̀.

Nígbà tára rẹ̀ yá, òun fúnra rẹ̀ pe ìyàwó wọ yàrá náà. Adìyẹ bà lókùn ni: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Bí èyí bá bu iyọ̀, tọ̀hún á tún un bù. Ṣùgbọ́n eegun ẹ̀yìn àgbà ti ń ké, nígbà tó sì ṣe, ó jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń tajà, ó fi pípò sílẹ̀ fún ìyàwó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí búrẹ́dì kéékèèké róbótó kan lórí àtẹ, èyí tí kò rí rí. Àwọn oníbàárà ti ń nawọ́ sí i. Ó mú ọ̀kan, ó là á, ó gbóòórùn inú rẹ̀.

"Ìyàwó! Kí lo fi sínú eléyìí?"

"Mílíìkì díẹ̀ ni, màámi."

"Mílíìkì nìkan?"

"Mílíìkì nìkan ni, màámi."

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Ó wá tún mú méjì sí abẹ́ gèlè tó ká lé itan, ó ní òun ṣì fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.