Koríko Tí A Kò Lè Jó

Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ bí òórùn koríko tó ń jóná bá kàn mí nímú, mo máa ń ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo dìde. Màá jáde síta, màá wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, lẹ́yìn náà ni màá tó padà wá jókòó. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní gbogbo koríko àdúgbò tí à ń gbé báyìí kò tó ohun tí wọ́n lè fi wi irun ewúrẹ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ibòmíràn ni mo ti gbé ẹ̀rù yẹn wá, lójú ọ̀nà oko kan lẹ́yìn Tẹ̀dé.

Mo gbé ìbéèrè kan wá láti ibẹ̀ pẹ̀lú. Oko méjì ló wà létí ara wọn, ọ̀kan jẹ́ tiwa, èkejì jẹ́ ti aládùúgbò wa. Iná kan náà ló jó dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé tiwa ló jẹ, tó sì fi tọ̀hún sílẹ̀? Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, n kò sì lè sọ̀rọ̀ bí àwọn tó mọ̀ nípa ojú ọjọ́. Ohun tí mo rí àti ohun tí mo bèèrè ni mo ń kọ sílẹ̀.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà, ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ tí àwọn alágbádá tún gba ìjọba lọ́wọ́ ológun. Ọkọ mi máa ń lọ hun aṣọ ní Ìsẹ́yìn bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, nítorí náà àwa mẹ́ta là ń ṣẹ́kù sílé: bàbá ọkọ mi, ìyá ọkọ mi, àti èmi. Bàbá àti Ìyá ni mò ń pè wọ́n, báyẹn náà ni màá ṣe pè wọ́n níbí.

Ilé wa jẹ́ ilé amọ̀. Páànù ló bo iwájú rẹ̀, ó ti dípẹtà, ṣùgbọ́n ó ṣì gba òjò dúró. Koríko ló bo ẹ̀yìn ilé, níbi tí yàrá Ìyá àti yàrá tèmi wà. Nígbà yẹn, ilé tí wọ́n ṣì ń fi koríko bo kò pọ̀ mọ́ nínú ìlú. Bí àlejò bá ń bèèrè ilé wa, wọ́n á ní kó máa wò títí yóò fi rí koríko lórí ilé. Bẹẹrẹ ni koríko náà. Kò ṣe é gé nígbàkígbà. Ẹni tó bá fẹ́ fi bo ilé yóò jẹ́ kó gbó, kó gbẹ, kó pọ́n bí àgbàdo tó ti gbó, ìgbà tí ọyẹ́ bá ti mú dáadáa. Bí a bá gé e ní tútù, yóò jẹrà lórí ilé. Bàbá ní ojú bẹẹrẹ kan létí oko wa, ó ga ju ènìyàn lọ, ẹ̀yìn àká iṣu wa gan-an ló wà. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń gé e láti fi tún ẹ̀yìn ilé bò, ọdún tí mò ń sọ yìí sì ni ọdún gígé.

Aládùúgbò wa lóko ní lọ́rì kan tó fi ń kó ẹrù oko lọ sí Ṣakí. Bàbá Onílọ́rì ni gbogbo ayé ń pè é. Kì í ṣe agbéraga. Ó kéré sí Bàbá lọ́jọ́ orí, "Ẹ̀gbọ́n" ló sì ń pè é.

Àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa ní àṣà kan. Bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, tí omi ṣì wà nínú koríko, wọ́n á fi iná sí etí oko wọn fúnra wọn. Irú iná yẹn kì í ga. Ṣe ló máa ń rá pálá lọ nílẹ̀, ènìyàn lè fi ẹ̀ka igi lù ú pa. Ilẹ̀ tó bá ti jó báyẹn, bí iná ńlá bá dé ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní bá ohun tí yóò jẹ níbẹ̀.

Ní ọdún náà, òjò lọ ní bí oṣù kan ṣáájú àkókò rẹ̀. Bàbá Onílọ́rì wá bá wa lábẹ́ igi irúgbá tí a ti ń jẹun ọ̀sán lóko. Ó kí Bàbá, ó jókòó, ó ní kí àwọn jó etí oko pọ̀ lọ́jọ́ kejì, nítorí pé ojú ọ̀run kò tẹ́ òun lọ́rùn.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí páànù wà lórí rẹ lè jó koríko. Òrùlé mi lo ní kí n dáná sun yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, òrùlé tó ṣì wà lóko, ta ló ń gbé abẹ́ rẹ̀?"

"Ejò àti ọ̀yà. Wọn ò tíì bá mi jà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Bàbá Onílọ́rì náà sì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó jó etí oko tirẹ̀ títí dé ààlà. Bàbá dúró sí ojú ààlà pẹ̀lú ẹ̀ka igi tútù lọ́wọ́, ó ń lu iná náà pa kó má baà ràn mọ́ bẹẹrẹ wa.

Ẹ̀ẹ̀rùn wá le. Ilẹ̀ gan bí àpáta. Bàbá Onílọ́rì ti ní àwọn alágbàṣe tí wọ́n ti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wá. Wọ́n ti kọ ebè rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, wọ́n ti gbin èébù rẹ̀ sínú ebè, wọ́n sì ti bo orí ebè. Lọ́rì rẹ̀ ti kó iṣu jíjẹ lọ sílé. Ní tiwa, ọkọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ ebè, ọkọ́ Bàbá. Orí èmi àti Ìyá ló ń gbé iṣu wálé, agbọ̀n kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Iṣu jíjẹ la kọ́kọ́ ń kó, nítorí pé òun là ń jẹ, òun là ń tà. Èébù, ìyẹn iṣu gbíngbìn, la fi sílẹ̀ nínú àká, títí ebè yóò fi tó. Ẹni tí èébù rẹ̀ bá ti lọ, oko iṣu rẹ̀ ti parí nìyẹn, bó ti wù kí ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó.

Ọjọ́ tí iná dé, èmi àti Ìyá ń fi dòjé gé bẹẹrẹ. Ó ti gbó dáadáa. A ti di ìdì bí mélòó kan. Mo gbójú sókè, mo rí àwòdì púpọ̀ lójú ọ̀run, wọ́n ń yí, wọ́n ń já wálẹ̀, wọ́n tún ń gòkè. N kò rí i rí kí wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo bi Ìyá pé kí ni wọ́n ń ṣe. Ìyá nàró, ó fi ọwọ́ síjú, ó wò wọ́n fún ìgbà díẹ̀. Tata tó ń sá fún iná ni àwòdì ń jẹ, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ó rọra sọ fún mi pé, "Ìyàwó, ju dòjé yẹn sílẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró rẹ̀. Ó dà bí òjò tó ń bọ̀ lórí páànù láti òkèèrè. Inú mi tilẹ̀ kọ́kọ́ dùn, mo rò pé òjò ni. Ọ̀yà méjì gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá, wọn ò tilẹ̀ wò mí. Nígbà náà ni èéfín yọ lókè koríko.

Bàbá ti ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ti wà nínú àká. Ó ń tú koríko tí a fi bo èébù, ó ń dà wọ́n sínú agbọ̀n. Èmi gbé ọ̀kan, Ìyá gbé ọ̀kan. Bàbá ń wá ohun mìíràn tí yóò fi kó o. Ó bọ́ bùbá rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èébù lé e. Ìyá ní ó tó. Ó ṣáà ń kó o. Ooru náà ti ń gbá wa lójú bí ẹni ṣí ìkòkò gbígbóná. Ìyá gbé agbọ̀n tirẹ̀ kalẹ̀, ó padà wọ inú àká, ó di ọwọ́ Bàbá mú.

"Bí ẹ bá jóná, ta ni yóò gbìn ín?"

Ó fà á jáde, ó tún gbé agbọ̀n tirẹ̀ lé orí. Bùbá àti èébù tó wà lórí rẹ̀ kù síbẹ̀. Èmi ti kọjú sí ọ̀nà ilé, nítorí pé ọ̀nà ilé ni ẹsẹ̀ mi mọ̀. Koríko gbígbẹ ló wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà yẹn. Bí mo bá gba ibẹ̀ lọ, n kò ní sí láyé láti kọ ìwé yìí. Ìyá ló pariwo pé kí n yà sí ilẹ̀ dúdú, ìyẹn ilẹ̀ tí Bàbá Onílọ́rì ti jó. A kọjá ààlà, a sá wọ àárín ebè rẹ̀, a dojú bolẹ̀, a fi ìró bo imú. N kò gbójú sókè. Mo ń gbọ́ bí àká wa ṣe ń wó.

Nígbà tí ariwo iná náà rọlẹ̀, mo yọjú. Iná ti dé ààlà, ó sì kú síbẹ̀, bí àlejò tó bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ọwọ́ òsì Bàbá bó. Nínú èébù, agbọ̀n méjì là, tèmi àti ti Ìyá. Nínú bẹẹrẹ, kò ku ìdì kan.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ní mo fẹ́ lọ wá dòjé wa, mo sì lọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ lọ wò ó ni. Ẹ̀rù ń bà mí, síbẹ̀ n kò lè má lọ. Mo dúró sójú ààlà, mo fi ẹsẹ̀ kan sí ilẹ̀ wa, mo fi èkejì sí ti Bàbá Onílọ́rì. Lábẹ́ ẹsẹ̀ kan, eérú tó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lábẹ́ èkejì, koríko kéékèèké tó ti tún hù láti ìgbà iná kùtùkùtù. Ebè rẹ̀ wà bó ṣe wà. Mo wá lọ sí ibi tí àká wa wà. Àwọn èébù tó kù síbẹ̀ ti jinná, èèpo wọn dúdú, inú wọn funfun, òórùn wọn sì dùn. Mo jẹ ọ̀kan. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

Mo bi àwọn ènìyàn pé ta ló dá iná náà. Àwọn kan ní ọdẹ ni, àwọn kan ní darandaran ni, àwọn kan ní ẹni tó lọ fín oyin ni. N kò rí i, n kò sì ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé àmúwá náà mọ ojú ààlà, ó sì ṣe mí ní kàyéfì.

Níkẹyìn mo bi Bàbá fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè bi í, nítorí pé ìyàwó ilé kì í bi bàbá ọkọ rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mò ń bá a pààrọ̀ aṣọ tí a fi di ọwọ́ rẹ̀. Mo ní kó má bínú, ṣé ó mọ̀ pé iná lè wá?

Bàbá wò mí. Mo rò pé yóò lé mi jáde.

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n iná lè wá, ó sì lè má wá. Òjò ni mo mọ̀ pé yóò rọ̀ sí yín lára."

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀, n kò tíì rí ibi tí mo ti lè dá a lẹ́bi. Aládùúgbò wa kò gbọ́n jù ú lọ. Ohun méjì ló ń dẹ́rù bà wá nínú ilé wa. Ọ̀kan péré ló ń dẹ́rù ba ilé Bàbá Onílọ́rì. Páànù ti bá a gbé èkejì kúrò.

Bàbá Onílọ́rì wá bá wa kẹ́dùn. Kò sọ pé òun ti wí. Agbọ̀n èébù kan ló gbé wá, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó kí ẹnikẹ́ni. Agbọ̀n mẹ́ta náà ni Bàbá gé sí wẹ́wẹ́, ó kéré ju bí wọ́n ṣe ń gé e lọ, kó lè pọ̀. Ó gbìn ín sí igun oko kan. Ìyá tọrọ igi ẹ̀gẹ́ kiri ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, a sì fi kún ilẹ̀ tó kù. Bàbá ní ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń ki igi bọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ fùfú rẹ̀ nígbà tó yá.

Òjò pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ó wọlé bá wa lóòótọ́. Ìyá gbé ẹní rẹ̀ wá sí iwájú ilé, lábẹ́ páànù, gbogbo wa há síbẹ̀. Omi wọ ara ògiri ẹ̀yìn, apá kan rẹ̀ ya lulẹ̀ ní ọjọ́ kan tí a wà lóko.

A wa iṣu igun oko yẹn. Kò tóbi, ṣùgbọ́n ó pọ̀. Bàbá kò jẹ́ kí a jẹ ẹyọ kan. Gbogbo rẹ̀ ló fi ṣe èébù. Ó tún ń fẹ́ ibi tí yóò kó o sí, kò sì sí ibòmíràn àfi ibi tí àká àtijọ́ wà náà, nítorí pé orí wa méjì ṣì ni lọ́rì wa. Bẹẹrẹ sì ti tún hù lẹ́yìn rẹ̀, ó ga, ó tutù. Bàbá dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́. Ó ṣí i, ó tún pa á dé.

Ó ní, "Ìyàwó, ìwọ tí o máa ń bèèrè, kí ni ká ṣe?"

Mo yíjú sí Ìyá.

Ìyá ló dáhùn. Ó ní ká gé e ní tútù, ká sá a sórí ebè títí yóò fi rọ, ká sì jó ìdí rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Bàbá ní irú rẹ̀ kò ní lò ju ọdún kan lórí ilé. Ìyá ní bó bá jẹrà, a ó tún gé òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàbá mú àdá. Ọjọ́ mẹ́rin la fi gé e, ó wúwo ju gbígbẹ lọ, omi rẹ̀ sì ń ṣàn sí wa lọ́rùn bí a ṣe ń rù ú. Lọ́jọ́ karùn-ún, a jó ìdí rẹ̀. Èmi ni mo di ẹ̀ka igi mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká tuntun. Iná náà kò ga ju orúnkún mi lọ, mo sì lù ú pa kó tó dé ọ̀dọ̀ èébù.