Kòkó Inú Gíláàsì

Ìró tí Gbémisọ́lá kọ́kọ́ mọ̀ láyé ni ti ewé kòkó gbígbẹ lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ṣàwàrà, ṣàwàrà, nígbà tí ìyá náà bá pọ̀n ọ́n wọ oko ní abúlé wọn lẹ́bàá Ìdànrè. Ó dàgbà, ó jogún oko náà. Òun ló fi rán Olúyọmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ sí yunifásítì, owó oko náà ni ọmọ náà sì fi wọkọ̀ wá sí Kánádà.

Nígbà tí Adépéjú, ìyàwó Olúyọmí, bímọ, wọ́n ní kí màmá wá bá wọn tọ́ ọ fún oṣù mẹ́fà. Ọdún kẹta rèé. Bó bá ti béèrè ìgbà tí òun máa padà sílé, Olúyọmí á ní, "Ẹ jẹ́ kí winter kọjá ná." Winter á kọjá, òmíràn á dé. Daycare, ilé tí wọ́n ti ń bá ni tọ́mọ, ti wọ́n jù ní Malton tí wọ́n ń gbé, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta.

Ní Sátidé kan tó tún dá ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ gbé e sínú mọ́tò, ó wà á gba inú yìnyín lọ sí ilé gíláàsì ńlá kan láàárín Toronto, níbi tí wọ́n ti ń gbin igi ilẹ̀ olóoru.

"Màmá, ilé lẹ fẹ́ lọ, àbí? Mo ti gbé ilé wá bá yín."

Ooru kọlù ú lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ kóòtù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìyẹn, ìbẹ́pẹ nìyẹn, lẹ́yìn wọn igi kòkó kan ṣoṣo, tí wọ́n fi okùn yí ká.

"Háà, ta ló fún ọ ní visa?" ó bi igi náà. "Àbí ọmọ ẹ ló ní kí o wá bá òun tọ́mọ?"

Olúyọmí rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Màmá, ẹ̀yin náà!"

Ìgbà náà ló rí i: èso kan ti dúdú láti ìdí dé orí. Ní abúlé wọn, ẹni tó bá rí kòkó tó ti ń rà lórí igi, oko ẹni yòówù kó jẹ́, gbọ́dọ̀ já a kúrò kó má baà ran àwọn yòókù. Kò ronú. Ó nawọ́ kọjá okùn, ó já a. Èso náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó là lórí símẹ́ńtì. Inú rẹ̀ funfun báláú, kò rà rárá.

Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kan, ọmọbìnrin òyìnbó, sáré dé. Kò pariwo. Ó sọ ọ́, Olúyọmí sì túmọ̀ rẹ̀, pé bí àwọ̀ irú kòkó yẹn ṣe rí nìyẹn, pupa rẹ̀ ló máa ń ki títí táá fi jọ dúdú. Gbémisọ́lá wo ohun tó wà nílẹ̀. Òun tó ti wà nídìí kòkó láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀! Ojú tì í.

Olúyọmí sún mọ́ ọmọbìnrin náà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Sorry. She has dementia."

Gẹ̀ẹ́sì ò fi bẹ́ẹ̀ yé Gbémisọ́lá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn yé e. Ilé àwọn arúgbó ni Adépéjú ti ń ṣiṣẹ́ ní Newmarket. Òun ló ti sọ fún un pé dementia ni àìsàn ìgbàgbé arúgbó, pé àwọn tó bá ti mú, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n dá jáde mọ́.

Nígbà tí wọ́n dénú mọ́tò, ó ní, "O pè mí ní wèrè."

"Màmá, mi ò pè yín bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má baà bá yín jà ni."

"Ó dáa. Ra tíkẹ́ẹ̀tì mi."

Iná ojú títì ní kí wọ́n máa lọ, Olúyọmí tẹná. "Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí. Kòkó lásán, ẹ ò dá a mọ̀ mọ́. Ta ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ dá wọ plane?"

Ó wá yé e pé irọ́ tí ọmọ rẹ̀ pa fún òyìnbó, ọmọ náà alára ti ń gbà á gbọ́, torí pé ó wúlò fún un. Èyí tó dùn ún jù ni pé òun fúnra òun ló fún un ní ẹ̀rí. Kòkó náà dára, òun ló sì já a.

Olúyọmí já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjá sí shift rẹ̀ ní airport. Adépéjú ti gbé ọmọ jáde. Ẹ̀wà tí wọ́n fẹ́ fi din àkàrà ti wà nínú omi láti àárọ̀. Gbémisọ́lá jókòó tì í, ó ń fọwọ́ méjèèjì bó o, ó ń da èèpo nù, ó ń bu omi mìíràn sí i, títí kò fi ku ẹyọ kan tó ní èèpo lára. Ojú rẹ̀ kò fo ọ̀kankan. Ó dé e, ó nu ọwọ́.