Rákẹ́tì Tí A Gbé Síwájú Ògún

Nígbà èwe mi, mo gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì kan láti Ìfànyìn, ó fò kọjá Ìgòlò, ó fò kọjá igi tí àwọn aṣọ́bodè gbé dábùú ọ̀nà, ó sì lọ balẹ̀ sí Ìdí-Ìrókò nílẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn aṣọ́bodè tọ̀hún mú un, wọ́n bi í léèrè ìwé ìrìnnà. Bọ́ọ̀lù kò ní ìwé. Wọ́n tì í mọ́lé, títí ìyá àgbà kan tó ń ta gààrí fi lọ dúró fún un. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi ìyá náà. Ìyọnu ibẹ̀ kò ju pé ó ti kú lọ.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ọwọ́ tó wà nínú ìdílé wa. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ mi ti le tó yẹn, tí mo bá dúró síwájú àbúrò mi, bí ẹni tó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin ni mo rí. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ. Èmi àti òun nìkan ni ìyá wa bí. Bàbá wa kú nígbà tí mo wà ní ekọ́lù, wọ́n ti kọ́ wa ní ìròpọ̀, ó ku kí wọ́n kọ́ wa ní ìyọkúrò, ni mo gbé ọkọ́ lé èjìká lọ sí oko ẹ̀gẹ́ wa lọ́nà Ṣaadá. Ìdí nìyẹn tí ohun tí mo bá ń sọ fi máa ń pọ̀ sí i, tí kì í dín.

Òyìnbó kan wà nílùú wa nígbà náà tó ń ra èkùrọ́. Lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù rẹ̀, ó ní kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ pupa pẹrẹsẹ, ó fi ẹfun fa ìlà sí i, ó ta àwọ̀n sáàárín. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ á wọ aṣọ funfun, wọ́n á máa gbá bọ́ọ̀lù síra wọn. Àwọn àgbà wa wò wọ́n títí, wọ́n ní bí tọkọtaya òyìnbó ṣe ń jà nìyẹn, pé wọn kì í fọwọ́ kan ara wọn. Àbúrò mi ló ń bá wọn ṣa bọ́ọ̀lù tó bá fò jáde. Ibi tó ti ń wò wọ́n ló ti kọ́ ọ. Nígbà tí òmìnira dé, òyìnbó náà di ẹrù rẹ̀. Ó ta ilé ìkẹ́rù, ó ta ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò ta rákẹ́tì rẹ̀. Igi ni rákẹ́tì náà, ìfun àgùntàn tó ti gbẹ ni wọ́n fi hun ojú rẹ̀ bí asẹ́. Ó gbé e lé àbúrò mi lọ́wọ́, ó ní kó má jẹ́ kí omi kàn án, ó sì lọ.

Ìjọba tuntun rán àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ wá. Akọ̀wé àgbà kan wà lára wọn, ará Àjàṣẹ́, ọkùnrin sísanra kan tó fẹ́ràn tẹníìsì ju oúnjẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikùn rẹ̀ kò jẹ́rìí sí i. Mùsé, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni, ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí òun àti àbúrò mi jọ gbá a, Mùsé jókòó sílẹ̀ lójú pápá, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ yìí, ta ló kọ́ ọ?”

Àbúrò mi ní, “Mùsé, mo kàn ń wò wọ́n ni.”

“O kàn ń wò wọ́n, o sì fẹ́ pa mí.”

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, Mùsé mú un lọ sí Kútọnu, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ gbogbo ilẹ̀ Dàhómì ti ń díje. Àbúrò mi kò tíì hu irùngbọ̀n. Ẹ̀rín ló fi ń gbá a, Mùsé ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ó ní bó ṣe ń na àwọn ọmọ ọlọ́lá ọ̀hún ló ń rẹ́rìn-ín sí wọn, bí ẹni tó ń bá wọn ṣeré òṣùpá. Ó na gbogbo wọn.

Rédíò kan ṣoṣo ló wà ládùúgbò wa, ti télọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà jáde níbẹ̀ lédè Faransé, imú ni wọ́n fi pe orúkọ àbúrò mi, ìyá wa kò sì mọ̀ pé ọmọ òun ni. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Níbi tí wọ́n ti ní ó borí, mo ní wọ́n ní olórí ìlú Faransé ń bèèrè rẹ̀. Ìyá wa jó láti ojúlé télọ̀ títí dé ìdí ẹkù epo rẹ̀.

Epo pupa ni ìyá wa ń ṣe. Àwọn tó ń gbé epo kọjá sí Nàìjíríà á fo ẹkù àwọn ẹlòmíràn kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí epo rẹ̀ mọ́, kì í kan. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe láyé nìyẹn.

Ní agbo ilé wa, bí ọdún Ògún bá dé, ohun èlò tó bá ń bọ́ ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ wá síwájú Ògún kó wá jẹun: ọkọ́, àdá, kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń kó ẹrù kọjá bodè, àlùmọ́gàjí télọ̀. A ó ta epo sí wọn lára, a ó ro ẹ̀jẹ̀ àkùkọ lé e, wọ́n á sì wà níbẹ̀ di ọjọ́ keje. Ẹni tó bá yọ tirẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé ti gba oúnjẹ lẹ́nu Ògún. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ìyá wa gbé rákẹ́tì wá.

Àbúrò bàbá wa ló ń bọ Ògún fún ilé. Ó yí rákẹ́tì náà síwá sẹ́yìn. Ó ní, “Irin dà níbẹ̀?”

Ìyá wa ní, “Ìṣó kan wà nídìí rẹ̀, ọkọ mi.”

“Ìṣó kan péré. Ṣé Ògún á wá torí ìṣó kan péré?”

“Ìṣó tó gbé wa dé orí rédíò ni. Ẹ jẹ́ kó jẹun.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ó sì gbà. Àbúrò mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, òyìnbó ní omi ò gbọdọ̀ kàn án.”

Mo ní, “Epo kì í ṣe omi.”

Ó rò ó, ó rí i pé òótọ́ ni. Ìyá wa fúnra rẹ̀ ló da epo náà, èyí tó dára jù nínú ilé. Ó ń fi ìka pa á wọ ojú ihò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń para fún ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́ keje tí a lọ kó ohun èlò wa, eku ilé ti jẹ ìfun àgùntàn náà tán. Ta ni yóò fi ìfun, epo àti ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí eku kò ní pe ẹbí rẹ̀ wá jẹ ẹ́? Igi nìkan ló kù, òfìfo, o lè ti orí bọ̀ ọ́. Àbúrò bàbá wa wò ó, ó ní Ògún gbà á. Ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní, “Epo yín mà dára o, ìyálé mi. Eku pàápàá mọ̀ ọ́n.”

Ìyá wa mú igi náà nílẹ̀. Ó jókòó sórí ìtí igi, ó gbé igi rákẹ́tì náà lé itan. Àbúrò mi lọ kúnlẹ̀ tì í.

Ó ní, “Ìyá, kò sí nǹkan kan. Ọwọ́ ló ń gbá a, kì í ṣe okùn. Ẹ ó rí i pé mo máa borí lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní eré. Ìlú wa kéré, ẹnu ibẹ̀ sì tóbi. Kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé Kó-Kumolú pé ìyá kan wà ní Ìfànyìn tó fi epo pa orí ire ọmọ rẹ̀ rẹ́. Bí wọ́n bá wá ra epo lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á ní, “Ìyá, ṣé kò ní í jẹ rákẹ́tì wa?” Ìyá wa á wọn epo fún wọn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí ẹnu wọn fi lè pa mọ́, àbúrò mi sì mọ̀ ọ́n: kó tún borí ní Kútọnu.

Mo ra okùn ìpẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja Àjàṣẹ́, mo fi hun ojú rákẹ́tì náà. Bọ́ọ̀lù tó bá bá okùn yẹn pàdé á fò bí ẹyẹ tí wọ́n sọ òkò lù, a kò ní mọ apá ibi tó gbà. Ní Kútọnu, wọ́n ní ilẹ̀ òyìnbó ni ìfun tòótọ́ ti ń wá, kí a máa retí ọkọ̀ ojú omi. Mùsé wá yá a ní tirẹ̀. Ìdí rákẹ́tì Mùsé tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ àbúrò mi. Ó ya etí aṣọ ìyá wa kan, ó wé e mọ́ ọn. Èyí ló gbé lọ síbi ìdíje ọdún kejì, mo sì bá a lọ.

Ọmọ ekọ́lù kan láti Àjàṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi kò ó lójú, ọmọ tí àbúrò mi ti nà nírọ̀rùn lọ́dún tó kọjá. Mo ń wojú àbúrò mi. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ru ẹyin lórí gba inú ọjà kọjá. Èyí tó yẹ kó gbá gidi, á rọra tì í. Èyí tó yẹ kó rọra tì, ó ti lọ sínú àwọ̀n. Ọkùnrin méjì jókòó síwájú mi.

Ọ̀kan ní, “Ṣé ẹni tí rédíò pariwo rẹ̀ nìyí?”

Èkejì ní, “Òun ni.”

“Rédíò ti ilé mi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí bátìrì rẹ̀ bá ti fẹ́ tán.”

Ọmọ Àjàṣẹ́ náà nà án. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa bọ̀, àbúrò mi ń tú aṣọ ìdí rákẹ́tì náà, ó sì ń tún un wé, títí a fi rí igi ọ̀pẹ ìlú wa. Ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá nǹkan sọ fún Ìyá. Èmi ò mọ̀ ọ́n sọ.”

Nígbà tí a délé, mo sọ fún ìyá wa pé òjò ńlá ni wọ́n torí ẹ̀ sún ìdíje síwájú. Àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ìyá wa gbójú sókè, ó wo ọ̀run tó gbẹ táútáú, ó wo ẹsẹ̀ wa tí eruku bò. Ó ní, “Òjò Kútọnu le o,” ó sì bu oúnjẹ fún wa.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbé Mùsé lọ sí ìhà àríwá lọ́hùn-ún. Kó tó lọ, ó wá rákẹ́tì tuntun fún àbúrò mi, tó ní ìfun tó le dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bá a gbá a mọ́ yàtọ̀ sí èmi, ẹ sì ti gbọ́ bí ọwọ́ mi ṣe rí. Àwọn ará ilé ìkẹ́rù bẹ̀rẹ̀ sí sá àgbàdo sójú pápá. Ìyá wa á dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, á gbá àgbàdo náà jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á gbá ilẹ̀ náà mọ́, á wá lọ sídìí ẹkù. Bí àwọn alágbàdo bá bú u, á ní kí wọ́n má bínú. Àbúrò mi mọ̀ pé ìyá wa ló ń gbá ilẹ̀ náà. Bó bá ti rí ojú ìgbálẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa yẹn, ọwọ́ rẹ̀ á tún gan sí i.

Ó tún lọ sí Kútọnu. Ó borí ẹnì kan, ó borí ẹnì kejì, ẹnì kẹta nà án. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọn kò pè é. Wọ́n ti rí ọmọdé mìíràn tó ń rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, ó gbé rákẹ́tì rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ fúnra rẹ̀, pé bóyá wọ́n á fún òun láàyè.

Ọ̀sẹ̀ tó fi wà ní Kútọnu yẹn ni àìsàn dá ìyá wa dùbúlẹ̀. Bí àbúrò mi ṣe ń wọlé bọ̀, orí ẹní ló bá a. Ó jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, “Ìyá, mo borí. Mo na gbogbo wọn.” Ìyá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ sọ fún ìyàwó àbúrò bàbá wa, kí n sọ ọ́ sókè kí àwọn aládùúgbò gbọ́. Mo lọ, mo sọ ọ́. Kí ọjà tó tún pé, ìyá wa ti kú, ẹ̀rín náà sì wà lójú rẹ̀.

Mo ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èmi ni mo dá ibẹ̀ yẹn sílẹ̀, láti ìgbà tó jókòó tì í; ikú ìyá wa nìkan ni òótọ́ ibẹ̀. Àbúrò mi kì í purọ́. Èmi ni mo gba gbogbo irọ́ tó wà nínú ìdílé wa. Ìyá wa ló kọ́kọ́ bi í pé, “Ṣé o borí?” Ó ní, “Rárá, Ìyá. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé.” Ìyá wa ní, “Epo mi ni.” Àbúrò mi ní kì í ṣe epo. Ó sọ ọ́ léraléra, ṣùgbọ́n ìyá wa ti kọjú sí ògiri.