Orúkọ Ohun Tó Ń Ṣe Ìyá Mi

Ọjọ́ tí a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ ikú ìyá mi ní Ṣakí ni n kò lè gbàgbé láyé.

Láàbù ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ibà ìyá mi kò lọ, èmi ni mo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Mo rí yíìsì níbẹ̀, ìbátan èyí tó ń mú búrẹ́dì wú. Mo kọ orúkọ irú èyí tó wọ́pọ̀ sílẹ̀, torí pé oríṣiríṣi yíìsì ló jọra lábẹ́ maikirosíkóòpù. Oògùn tí a fún un kò ṣiṣẹ́. A wá fi yíìsì náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí wọ́n fi àbùdá rẹ̀, ìyẹn DNA, dá a mọ̀.

Ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń béèrè pé, "Àlàbí, kí ni wọ́n ń pe nǹkan yìí?"

"Èsì ò tíì dé, Màámi."

"Tún un sọ, n ò gbọ́." Etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́.

Àwọn àlùfáà ń ṣàdúà ọjọ́ kẹjọ náà lọ́wọ́ nígbà tí èsì dé sórí fóònù mi. Yíìsì mìíràn ni, èyí tó ṣọ̀wọ́n. Oògùn tó ń pa yíìsì yìí kọ́ la fún ìyá mi.

Nígbà tí àlejò lọ tán, mo lọ síbi sàréè rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo pe orúkọ náà fún un. Mo dúró díẹ̀, mo sì tún un pè sókè.